Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ gbà: kí la máa rí gbà padà?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ẹ̀gbẹ̀:

"Ọkùn o, gbogbo ilé. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́rin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan àtààbọ̀, ó ń pe màmá, ó ń di ṣíbí mú fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ní báyìí, ṣe ló ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni ń fọ aṣọ. Dókítà tó wò ó ní Ìlọrin ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń gbà láti ara bàbá àti ìyá. Àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì wá ń pe àwa òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ìpàdé ní Kàbà. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ èmi, ti ìyá rẹ̀ àti ti ọmọ. Mo ní oògùn ńkọ́, wọ́n ní àwọn ò mú oògùn wá. Kí ni mo wá ń lọ ṣe? Wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á di ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi á gbé ọmọ mi padà sílé. Ìyá mi tiẹ̀ ní bí mo bá gbé ọmọ náà síta fún aráyé wò, kí n má pe òun ní ìyá mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

* * *

Bàbá, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ bi wọ́n pé: ta ló máa mú èsì padà wá bá wa, ìgbà wo, èdè wo ló sì máa fi sọ ọ́? Bí wọn ò bá rí ìyẹn dáhùn, ẹ bá àwọn òbí tó kù sọ̀rọ̀, ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì gbé ẹ̀jẹ̀ yín padà sílé.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí wọ́n ti gba ti ọmọ tèmi rí. Ìsánlú ni mò ń gbé, tíṣà ni mí, ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì nígbà tí àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní fún ìwádìí ni. Mo buwọ́ lu ìwé olójú-ewé mẹ́ta lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi tíṣà náà ò lóye ìdajì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi, títí nọ́ńbà náà fi kú. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn wọlẹ̀ sí. Nítorí náà, ìbínú yín yé mi.

Ohun tí ẹ sọ nípa ọwọ́ yẹn ló jẹ́ kí n má lè dákẹ́. Ó wà nínú ilé mi. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ àìsàn ọmọ yín lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà yín nípa àìsàn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Rett. Lọ́dún 1954, ní Vienna, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Andreas Rett rí ọmọbìnrin méjì níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí itan ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ra ọwọ́ lọ́nà kan náà. Ká ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́ ni wọ́n wá, bóyá ni ì bá fura. Lọ́dún 1966, ó kọ ọ́ jáde lédè Jámánì, ẹni tó kà á ò tó nǹkan. Ọdún 1983 ni Bengt Hagberg ará Sweden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa ọmọbìnrin 35 láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìgbà yẹn ni àwọn dókítà káàkiri tó gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1999, wọ́n rí jíìnì tó ń fà á, MECP2, ní láàbù Huda Zoghbi ní Houston.

Orí ìjókòó àwọn ìyá méjì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọmọbìnrin kan nínú 10,000 ló ń ní in. Èmi nìkan ni mo ní irú rẹ̀ ní àdúgbò mi, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin nìkan ní in ní àdúgbò yín. Bí a ò bá pàdé níbì kan, dókítà wo ló máa rí wa pa pọ̀?

* * *

Ẹni mẹ́ta ti kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè yìí báyìí pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi wá jẹun, ọ̀kan sì mẹ́nu ba Kano.

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí Kano. Lọ́dún 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, iléeṣẹ́ apoògùn Pfizer fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ní oògùn tuntun kan, Trovan, láti dán an wò, wọ́n fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ, pé àìsàn ló pa àwọn ọmọ. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tí ìyẹn bá ń bà lẹ́rù, ẹ̀rù tó tọ́ ló ń bà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Láti ọdún 2007 ni ìlànà ìwádìí ìlera ti wà ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọdún 2014 sì tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ti fọwọ́ sí i. Ẹ wá nọ́ńbà ìfọwọ́sí náà lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ wá fóònù ìgbìmọ̀ náà, kì í ṣe ti olùwádìí nìkan. Ẹ lè ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá, kódà ní Yàgbà tàbí Òwé bí ẹni tó gbọ́ ọ bá wà láàárín wọn. Ẹ lè gbé fọ́ọ̀mù lọ sílé sùn lé e lórí. Ẹ sì lè yọ ara yín kúrò lọ́la láìsọ ìdí, kí wọ́n má sì torí ẹ̀ dá ìtọ́jú ọmọ yín dúró.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn kan ni ti owó. Arákùnrin kan ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà kó tó na apá. Rárá o. Ilé tí ebi ń pa ò lè kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, ẹni tí kò bá sì lè kọ̀, a ò lè sọ pé ó gbà. Kí wọ́n san owó ọkọ̀ wa, kí wọ́n fún wa lóúnjẹ, kí wọ́n dá owó ọjọ́ ọjà tí a pàdánù padà. Lẹ́yìn ìyẹn, èsì ni kí a gbà lọ́wọ́ wọn.

* * *

Ọmọ Ìyàrà tó kọ̀wé lálẹ́ àná, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní: "Ẹ̀jẹ̀ bàbá, ti ìyá, ti ọmọ. Ṣé kì í ṣe DNA nìyẹn? Ẹni tó bá fẹ́ tú ilé ara rẹ̀ ká kó lọ."

Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọkùnrin nìyẹn, ẹnu wọn ni kì í gbé e. Nílẹ̀ wa, tí a bá ti gbọ́ DNA, ẹjọ́ ta ló lọmọ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Nígbà tí dókítà kejì ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àyẹ̀wò, ọkọ mi ò sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé owó ló ń rò. Àṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún un pé obìnrin kì í dédé ní kí wọ́n ṣe DNA.

Ìdí tí wọ́n fi ń gba ti òbí ni kí wọ́n lè fi ti ọmọ wé e. Kò sí ẹni tí jíìnì tirẹ̀ bá ti ẹlòmíì mu délẹ̀, gbogbo wa la ní ibi tí tiwa ti yàtọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá wo ti ọmọ nìkan, wọ́n á rí ìyàtọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọn ò ní mọ èyí tó ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wà lára ọmọ, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá, a jẹ́ pé tuntun ni: ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àtọ̀ tàbí ẹyin ń dá, tàbí kété tí oyún dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àìsàn ọpọlọ ọmọdé tó ṣọ̀wọ́n ṣe ń wá. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ bíi ti SS, tí bàbá gbé ọ̀kan wá tí ìyá gbé ọ̀kan wá láìmọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni mẹ́ta ló ń fi èyí hàn yàtọ̀ sí ìyẹn, òun náà ló sì ń sọ bí ọkàn yín ṣe máa balẹ̀ tó bí ẹ bá tún fẹ́ bímọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín: àyẹ̀wò yẹn lè fi hàn pé ẹni tí a ń pè ní bàbá kọ́ ni bàbá. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá rí i. Àwa ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ohun tó kan àìsàn ọmọ nìkan ni wọ́n máa sọ fún wa, wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ ta ni bàbá fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na apá.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni èsì dé. MECP2, tuntun, kò sí lára èmi, kò sí lára ọkọ mi.

Ọdún mẹ́rin ni ìyá ọkọ mi ti fi ń sọ pé ìdílé tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń bí irú rẹ̀. Ọkọ mi jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé, ó ka ìwé náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yàgbà. Ìyá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe é nígbà náà." Ó dìde, ó wọlé, ó gbé ọmọ mi jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀kọ. Kò tíì fún un lóúnjẹ rí kó tó dọjọ́ yẹn.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí mi ò sọ. Nínú Rett, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé inú àtọ̀ bàbá ni àyípadà tuntun náà ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sí bàbá tó lè mọ̀, kò sí èyí tó lè dá a dúró. Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù, mo mọ bó ṣe máa wù yín tó láti fi ìyẹn san án padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ní ti wa, wọ́n ní ewu pé ọmọ mìíràn á tún ní in kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àbúrò rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì kan láti Mọ̀pà bínú pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ọmọ tí kò bá rìn ló jẹ́ ti jíìnì. Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò rí èémí mí dáadáa nígbà ìbí, ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn ìbí títí ó fi kọlu ọpọlọ rẹ̀, àti èyí tí yírùnyírùn ṣe, pọ̀ ju ti Rett lọ fíìfíì. Ìwọ̀nyí ṣeé dènà. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń tò sáàárín aṣọ ọmọ tuntun yẹn, ẹ kó o dànù lónìí. Àwọn ọmọ tí wọn ò ní tó nínú èròjà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD ò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, òórùn káńfọ̀ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́, kí ojú wọn pọ́n bí ọsàn. Bí ojú ọmọ tuntun bá ti pọ́n, ilé ìwòsàn ni, ẹ má gbé e sínú oòrùn àárọ̀ kí ẹ máa wò ó.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé, kí dókítà ọmọdé wà níbẹ̀ tó máa kọ́kọ́ yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Kí ẹnikẹ́ni má kàn fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ.

* * *

"Orúkọ lásán láìsí oògùn, kí ló wà fún?" Bàbá, ẹ tún béèrè ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Kí èsì tó dé, gbogbo ìgbà tí ọmọ mi bá sé èémí, gìrì la máa ń pè é, a ó máa da omi sí i lára. Lẹ́yìn èsì ni mo mọ̀ pé Rett máa ń da èémí rú, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wárápá. Mo mọ̀ pé kí n máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń wọ́. Wọ́n ń yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò lọ́dọọdún, nítorí àwọn oògùn kan wà tó léwu fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ojú ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ya àwòrán iyán àti ti ìrẹsì sórí páálí méjì, èyí tó bá tẹjú mọ́ ni mò ń gbé fún un. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bọ́ ọ láì bi í ní ohun tó fẹ́ jẹ.

Àìsàn mìíràn wà, Dravet, tí wárápá rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, púpọ̀ ìgbà pẹ̀lú ibà. SCN1A ni jíìnì tó sábà máa ń fà á, ọdún 2001 ni wọ́n rí i. Carbamazepine, oògùn wárápá tó wọ́pọ̀ nílé oògùn wa, máa ń mú ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ burú sí i. Ṣé orúkọ lásán ni ìyẹn? (Ẹ má dédé dá oògùn dúró fúnra yín o. Dókítà ni kí ẹ lọ bá.)

Ní ti Rett fúnra rẹ̀, oògùn kan ti wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trofinetide. Kì í wò ó sàn, ó ń dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀, ó sì máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣu gbuuru. Owó rẹ̀ ju agbára wa lọ pátápátá. Lọ́dún 2007, láàbù Adrian Bird ní Edinburgh tan jíìnì náà padà lára àwọn eku tó ti ń ṣàìsàn, ara wọn sì yá. Eku ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, wọ́n ti ń dán ìtọ́jú jíìnì wò lára àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọn kì í sì í gba ọmọ tí kò ní èsì jíìnì lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá dé ilẹ̀ wa ni àwọn ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ.

* * *

Màmá kan ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní òun ti ṣe àyẹ̀wò náà, òun náwó, èsì tó dé ni pé "a rí àyípadà kan, ìtumọ̀ rẹ̀ kò dájú." Ó ní jìbìtì ni.

Màmá, kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n ìyà ni. Nínú àkójọ jíìnì tí wọ́n fi ń wé tiwa, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ohun kan lára ọmọ yín tí wọn ò rí rí, wọn ò mọ̀ bóyá òun ló fa àìsàn tàbí ó kàn jẹ́ ohun tó wà lára ìdajì Gbẹ̀dẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn Yorùbá wà nínú ìwé wọn lóòótọ́. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2005, ọgbọ̀n ìdílé ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Àádọ́rùn-ún èèyàn nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, ìgbìmọ̀ ará àdúgbò sì wà tó ń bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún èèyàn láti ìlú kan ò lè dúró fún Bùnú, fún Ọ̀wọ́rọ̀, fún Ìjùmú.

Ibí ni mo ti ń bá àwọn olùwádìí gan-an jà. Òbí ọmọ aláìsàn nìkan ni wọ́n ń pè. Ẹ pe bàbá arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń kọ ebè! Bí ohun tí ẹ rí lára ọmọ wa bá wà lára tirẹ̀, tí ara rẹ̀ sì le kokooko, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun ló ń ṣe ọmọ. Màmá, ẹ tọ́jú ìwé èsì yẹn, kí ẹ sì máa ní kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ọdún méjì-mẹ́ta. Ohun tí kò dájú lónìí lè dájú nígbà náà láìjẹ́ pé wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀.

* * *

Lórí ibi ìpàdé: Kàbà ni, kì í ṣe Lọ́kọ́ja. Mo rí i pé ẹnì kan ti ń dábàá òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ tí kò lè mú ọrùn dúró gba àárín tírélà Ọbájáná kọjá, pẹ̀lú ìròyìn ajínigbé tí à ń gbọ́? Kí wọ́n má fi sí ọjọ́ ọjà, kí wọ́n parí kí agogo méjì tó lù, kí a lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí yàrá kan wà tí a ti lè tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ.

* * *

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀, mo rí i pé ẹ ti ń rò ó. Ó ku ti ìyá yín. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú wọn dání. Ìtìjú kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ohun tí aráyé máa sọ nípa ọmọ yín ló ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sì ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nípa ọmọ ẹlòmíì. Ẹ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò ọmọ láìgbàṣẹ, ẹ sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wá, àti ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bí i. Ẹ tún wá fídíò ìgbà tó ṣì ń di ṣíbí mú, bó ti wù kó kéré mọ. Tèmi ò pé ogún ìṣẹ́jú àáyá, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ni wọ́n ti yà á: ọmọ mi bu ìrẹsì, ó gbé e sẹ́nu, ó ní "màmá, wò." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà kejì wo fídíò yẹn kó tó kọ̀wé fún àyẹ̀wò. Fóònù àtijọ́ tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ ni mo ti rí i. Ẹ yẹ tiyín wò, ẹ yẹ ti ìyá rẹ̀ náà wò, lálẹ́ òní.